Líǹkì Ẹ̀bẹ̀, Líǹkì Owó

Ẹ̀yin ará Kàbà! Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo. Ìkéde òkú ni wọ́n gbé sórí WhatsApp àwọn ọmọ ìlú kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí: fọ́tò ìyá arúgbó pẹ̀lú gèlè rẹ̀, ọjọ́ ìsìnkú, ibi tí àìsùn máa wáyé. Àwọn èèyàn ń bá ẹbí kẹ́dùn. Àfi gbàà! Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ju líǹkì búlọ́ọ̀gì rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ní ká tẹ̀ ẹ́, ká sì fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá. Kò kí olókùú o. Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló sì wà níbẹ̀ (ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀). Mi ò ní dárúkọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ẹni tó mọ̀ ti mọ̀.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Bí àwọn ọmọ wa tó ń kọ búlọ́ọ̀gì ṣe ń wá líǹkì lọ́dọ̀ àwọn búlọ́gà ẹgbẹ́ wọn ni mo gbọ́ tí mo káwọ́ lérí. Èyí á lọ sábẹ́ ohun tí ẹlòmíì kọ, kò ka ìlà kan níbẹ̀, á ní iṣẹ́ ọ̀gá mi yìí ga jù, á wá fi àdírẹ́sì tirẹ̀ sẹ́yìn ìyìn náà. Tọ̀hún á ní gbé mi, kí n gbé ọ. Oníròyìn ìlera á wá so líǹkì mọ́ ti ẹni tó ń ta táyà, ẹ sọ fún mi, kí ló pa wọ́n pọ̀? Àwọn tó lówó lọ́wọ́ kì í tiẹ̀ bẹ̀, wọ́n á sanwó ni. Àwọn kan sì wà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ wa dà bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo á ṣí ojúlé mẹ́wàá, á wá máa fi ọ̀kan yin èkejì. Tùùh!

Ẹ̀rí èké ni, mi ò pè é ní nǹkan míì. Nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin gbé ìṣirò PageRank, èyí tí Google fi ń mọ ojú ewé tó yẹ kó ṣáájú, jáde ní Yunifásítì Stanford lọ́dún 1998, líǹkì ni wọ́n kà sí ẹ̀rí: bí o bá so ojú ewé rẹ mọ́ tèmi, o ti jẹ́rìí pé ó yẹ ní kíkà, ẹ̀rí ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti jẹ́rìí fún sì máa ń wúwo jù. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ìwé ara wọn ni wọ́n ti rí i kọ́. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 2012, Google gbé asẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Penguin jáde, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi líǹkì rírà jẹun sì já wálẹ̀. Ṣé wọ́n jáwọ́? Ẹ jọ̀ọ́.

Àní àwọn olówó Amẹ́ríkà pàápàá! Oṣù Kejìlá 2013, iléeṣẹ́ Rap Genius, àwọn tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orin, kéde lórí Facebook pé àwọn ń wá búlọ́gà tí àwọn máa bá ṣe. Ọkùnrin kan ní òun fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́. Èsì tí wọ́n fún un ni pé kó to líǹkì orin Justin Bieber sídìí ohun tó bá kọ, àwọn náà á polongo rẹ̀ lórí Twitter. Ohun yòówù tó bá kọ o! Ì báà kọ nípa ọbẹ̀, Bieber ló máa wà nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà mú lẹ́tà yẹn, ó tẹ́ ẹ síta fún aráyé. Ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ni Google bínú: téèyàn bá tẹ orúkọ Rap Genius gan-an, kò ní rí wọn lójú ewé kìíní. Wọ́n ń tọrọ àforíjì, wọ́n sì tún ń nàka sáwọn ẹgbẹ́ wọn pé àwọn yẹn náà ń ṣe é. Ẹ rí ojú lásán! Ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní 2014 ni wọ́n pa dà. Ọjọ́ mẹ́wàá péré fún irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí.

Níbí náà, ní oṣù Kẹwàá 2014, wọ́n fẹ̀sùn kan Linda Ikeji, búlọ́gà ọmọ Nàìjíríà, pé ó ń kó iṣẹ́ oníṣẹ́, Google sì ti ojúlé rẹ̀ pa fúngbà díẹ̀. Ojúlé náà pa dà, òkìkí rẹ̀ kò sì dín. Apá ibẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ wa gbọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ohun tí wọ́n lè kọ, tí ẹlòmíì kò ní, wà nílẹ̀ yìí. Obìnrin Amẹ́ríkà kan, Elisha Renne, wá gbé láàárín àwọn ará Bùnú, ó wo aṣọ wọn dáadáa, títí kan aṣọ ipò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn èèyàn pàtàkì. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1995, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń tọ́ka sí i títí dòní. Ọmọ Kàbà tí Bùnú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ńkọ́? Mo rí ọ̀kan tó da ọ̀rọ̀ aṣọ ipò kọ láìdárúkọ obìnrin náà rárá. Nísàlẹ̀, ó ń bẹ gbogbo búlọ́gà pé kí wọ́n dákun so líǹkì wọn mọ́ tòun.