Bàbá Onímẹ́gádì Mẹ́ta

Ẹni tó bá ti gbé ní Ṣàgámù tó ọdún márùn-ún á ti pàdé bàbá yìí. Bí kò bá gbé ní Màkún, á máa gbé ní Ọ̀fìn. Bí ẹ bá sì torí tirẹ̀ kó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ẹ ó bá ẹ̀dà rẹ̀ níbẹ̀, tòun ti fìlà àti gíláàsì ojú. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, òun ní í tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún gbogbo mọ̀lẹ́bí, òun náà ni wọ́n ń gbé fóònù fún bí fóònù bá dákú. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní igun pálọ̀, lábẹ́ léèsì tó ṣẹ́kù lára aṣọ ẹbí ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ sọ fún un nípa kọ̀ǹpútà, ìdáhùn kan náà ló ní: "Mo ti mọ̀."

Ohun tó fi ń yangàn jù ni pé fáírọ́ọ̀sì ò lè wọ ilé òun. Áńtífáírọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà, Avast, AVG àti Smadav. "Mẹ́gádì mẹ́ta ni mo ní," ló máa ń sọ fún àlejò. "Ibo lolè fẹ́ gbà wọlé?" Àlejò á kan sáárá sí i, wọ́n á sì gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Ohun tí àlejò ò mọ̀, tí bàbá náà ò sì bèèrè, ni pé láti ọdún 2016 ni Avast ti ra AVG, owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là ló sì san. Ọ̀gá kan ló ni mẹ́gádì méjèèjì, ojú kan náà ni wọ́n sì fi ń ṣọ́lé: olè tí ọ̀kan ò bá dá mọ̀, èkejì náà á kí i káàbọ̀. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n ṣe ní Indonéṣíà, ọ̀rọ̀ fìláàṣì ló mọ̀ jù. Àwọn tó ṣe é gan-an sọ pé àfikún ni, kì í ṣe olórí ẹ̀ṣọ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í bára wọn rẹ́. Bí bàbá bá ṣí lẹ́tà olójú-ìwé kan ṣoṣo, gbogbo wọn á dìde, oníkálùkù á fẹ́ kọ́kọ́ tú àpò lẹ́tà náà wò. Nígbà mìíràn ọ̀kan á rí ohun tí èkejì tì mọ́ yàrá, á pariwo pé òun mú ọ̀daràn. Kọ̀ǹpútà á wá máa fà bí ọkọ̀ elépo ní ìkòríta Ṣàgámù lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wáyé. Bàbá á lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́, á padà dé, lẹ́tà ò tíì ṣí. Ó ní ìyẹn fi hàn pé ààbò ń ṣiṣẹ́.

Mẹ́gádì kan tiẹ̀ wà tó bá ilé wá. Láti ìgbà Windows 8 ní 2012 ni Microsoft ti ń fi Defender sínú gbogbo kọ̀ǹpútà Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwà rẹ̀ ni pé bó bá rí i pé onílé ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́, á rọra ká ẹní rẹ̀, á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ohun tó bá ọjà wá lọ́fẹ̀ẹ́, lójú tirẹ̀, ènì ni.

Àmọ́ mẹ́gádì tí kò gbọ́ ìròyìn, kí ló fẹ́ ṣọ́? Ilé-iṣẹ́ AV-TEST tó wà ní Magdeburg ní Jámánì sọ pé ètò burúkú tuntun tí àwọn ń kọ sílẹ̀ lójúmọ́ ju 450,000 lọ. Nítorí náà ni áńtífáírọ́ọ̀sì fi gbọ́dọ̀ máa gba orúkọ àwọn olè tuntun lójoojúmọ́. Bàbá ti pa gbogbo àtúnṣe, ti áńtífáírọ́ọ̀sì àti ti Windows pọ̀. Ó ní ó ń jẹ dátà. A ò lè bú u tán lórí èyí, ẹni tó bá ń ra dátà ní orílẹ̀-èdè yìí mọ ohun tó ń sọ, iná sì lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí àtúnṣe kan tó wọlé tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo WannaCry, jàǹdùkú tó gba ihò kan lára Windows wọ kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn. Oṣù Ẹrẹ́nà 2017 ni Microsoft ti fi ohun tí wọ́n máa fi dí ihò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí ni jàǹdùkú náà gba ihò yẹn wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ kọ̀ǹpútà tó ju 200,000 lọ ní orílẹ̀-èdè bí 150, títí kan ti ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tó nǹkan bí oṣù méjì tí ohun èlò ti wà nílẹ̀. Bàbá ka ìròyìn náà nígbà náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tó wà. Kò ṣí àtúnṣe tirẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń ta obì gbànja ní Sábó. Kò mọ kọ̀ǹpútà tàn, àmọ́ ó mọ kòkòrò. Kòkòrò obì kì í dúró dìgbà tí obì bá dé inú apẹ̀rẹ̀. Láti oko ló ti ń yé ẹyin sí i lára. Obì á máa dán lójú, ìdin á máa jẹ ẹ́ nínú. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá ọlọ́bì fi ń ṣà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á wá ihò tí kò tó ẹnu abẹ́rẹ́, wọ́n á yọ èyí tó ní i sọ́tọ̀, kí wọ́n tó fi ewé di ìyókù fún ọkọ̀ tó ń lọ Òkè Ọya. Obì kan tí ìdin wà nínú rẹ̀ tó láti ba apẹ̀rẹ̀ jẹ́. Bàbá máa ń jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀, á máa wo ìyàwó rẹ̀ lójú fèrèsé bó ti ń ṣa obì látàárọ̀, á ní, "Àwọn obìnrin àti fífi àkókò ṣòfò."

Fìláàṣì bàbá dà bí owó náírà mẹ́wàá, kò sí ọwọ́ tí kò dé rí. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí bàbá ti tẹ káàdì ìdúpẹ́, fìláàṣì ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ni wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà kan náà níbẹ̀. Ọ̀nà yìí wà lára èyí tí fáírọ́ọ̀sì Conficker tó jáde ní oṣù Bélú 2008 fi la ayé já. Ní 2011, Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́ kí fìláàṣì má baà máa dédé ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ mọ́, àmọ́ ẹ ti mọ ibi tí bàbá kó àtúnṣe sí. Fáírọ́ọ̀sì tó wọ́pọ̀ ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ a máa fi fódà ẹni pamọ́, á gbé ayédèrú tó jọ ọ́ sípò rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ ayédèrú ti jí fáírọ́ọ̀sì. Ojúlówó fódà kò lọ síbì kan, ó wà lórí fìláàṣì náà níbi tó sá pamọ́ sí. Ọmọ ilé-ìwé tó mọ̀ ọ́n lè ní kí kọ̀ǹpútà fi ohun tó pamọ́ hàn, ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́," ló máa ń sọ, á sì fọ́mátì rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ohun tí fáírọ́ọ̀sì ò jẹ á wá ṣègbé.

Ká wá dé orí ọ̀rọ̀. Bàbá nílò Microsoft Office. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ ẹbí fún ìsìnkú mẹ́ta láàárín oṣù kan ni. Ṣùgbọ́n kí èèyàn san owó fún ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn? Ó ní Mayflower lòun ti kàwé ní Ìkẹ́nnẹ́, ilé-ìwé tí Táì Ṣólàrín dá sílẹ̀ ní 1956, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn láti máa fọwọ́ ara àwọn ṣe nǹkan. (Táì Ṣólàrín kó ọmọ lọ sóko kí wọ́n lè jẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Jíjẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ kò sí nínú ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ mọ́ ọn.) Ni bàbá bá lọ wá kíráàkì, èyí tí wọ́n fi ń já àgádágodo ohun olówó lò lọ́fẹ̀ẹ́, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi kọjá, ó bèèrè ohun tó ń ṣe, ó gbọ́. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ta lẹni tó ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ yìí? Kí ni tirẹ̀ níbẹ̀? Èmi o, ẹni tó bá gbé apẹ̀rẹ̀ obì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, màá tú u dé ìsàlẹ̀ ni."

"Mo ti mọ̀," ni bàbá wí.

Ìwé kékeré kan bá kíráàkì náà wá. Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé kí olùlò kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì rẹ̀. Ká má purọ́ mọ́ àwọn mẹ́gádì, wọ́n gbìyànjú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, ohùn wọn ṣọ̀kan. Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n, wọ́n kígbe pé olè rèé. Inú bí bàbá. Dókítà ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún mẹ́jọ pé kó dín iyọ̀ kù, kò gbọ́. Àmọ́ àlejò tí kò lórúkọ, tí kò lójú, sọ pé kó lé mẹ́gádì rẹ̀ lọ sùn, ó sì lé wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù.

Láti ọdún 2018 ni ìdílé jàǹdùkú tí wọ́n ń pè ní STOP, tàbí Djvu, ti ń gba inú kíráàkì wọ ilé àwọn èèyàn. Báńkì kọ́ ló ń wá, irú kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ léèsì yìí ló ń wá. Ó máa ń ti fáìlì pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ olè, á fi ìrù tuntun kún orúkọ rẹ̀, á sì fi lẹ́tà sílẹ̀. Ti bàbá kà pé: 980 dọ́là; bí ẹ bá sì tètè dé láàárín wákàtí 72, 490. Nígbà tí bàbá jí, àwòrán ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ìwé ilẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, gbogbo rẹ̀ ti hu ìrù. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn èèyàn náà mọ ọjà tà, wọ́n ti já a sí ìdajì kí òun tó ná an.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè láti Ìlíṣàn. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n dé." Ó ṣàlàyé pé ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Emsisoft, tó gbé irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ jáde ní oṣù Ọ̀wàrà 2019, tó lè ṣí ẹ̀yà 148 nínú ìdílé STOP. Ó ní àwọn ẹ̀yà tó dé lẹ́yìn náà le jù, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìrù náà dáadáa. Bàbá ní òun ti mọ̀. Kí ọmọ tó wọkọ̀, ó ti wa irinṣẹ́ mìíràn wálẹ̀, èyí tí wọ́n kọ "ọ̀fẹ́" gàgàrà sí lára. Irú rẹ̀ ni wọ́n ká mọ́ ní oṣù Okúdù 2020, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Zorab. Ó ní òun wá ṣí ohun tí STOP tì ni. Àgádágodo kejì ló fi lé e.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé, ó bi í bóyá ẹ̀dà àwọn fáìlì náà wà níbòmíràn. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lórí fìláàṣì. Wọ́n wá fìláàṣì. Ara kọ̀ǹpútà ló wà látàná, òun náà ti hu ìrù.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ onílé jókòó, kò sí àkọsílẹ̀ ìpàdé. Bàbá dìde, ó gbé agbádá léjìká, ó ní àwọn ará òkè òkun ti gbé ìwé àdúgbò sí àhámọ́, ọ̀rọ̀ náà ga ju Màkún lọ. Ó dárúkọ WannaCry. Ó ní Kòríà Àríwá ni ìjọba Amẹ́ríkà dẹ́bi rẹ̀ fún. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá àgbà tó ṣe akọ̀wé ṣáájú rẹ̀ yọ ìwé ẹlẹ́yìn-líle kan nínú àpò ọ̀rá, gbogbo ìpàdé ìgbà tirẹ̀ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú báírò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wò ó. Wọ́n fi bàbá ṣe alága ìgbìmọ̀ ètò ààbò. Àbá tó kọ́kọ́ dá ni pé mẹ́gádì méjì kò tó fún géètì àdúgbò, kí wọ́n gba ẹ̀kẹta. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bí wọ́n ti ń jáde, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé fà á lápá agbádá, ó ní òun ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ òun ni, ṣé bàbá mọ ibi tí èèyàn ti lè rí Office láìnáwó. Bàbá ti ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń wá fìláàṣì.