Lẹ́yìn Bìlán

Ẹ má sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agboolé kan ní Moretan tó rán ọmọ lọ sílé ìwé tí kò ní irú rẹ̀ kan. Ó ka bac G2, ó gba BTS lé e, ó ríṣẹ́ kọ́ńtábù sí Lomé tàbí Atakpamé, ọjọ́ tí wọ́n sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ló ti ń sọ pé òun máa fiṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé. Ikùn ti yọ, irun iwájú orí ti ń palẹ̀ mọ́, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò.

Ìbànújẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, tí erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà Est-Mono ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ti ń mí kanlẹ̀. A gbé àga fún un lábẹ́ igi máńgòrò, a bu omi fún un, ó mu ún bí ẹni tí wọ́n ní kó mu àgbo. "Iṣẹ́ yìí ń pa mí," ni yóò kọ́kọ́ sọ, kó tó béèrè ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ. Ó ní owó olówó lòun ń kà láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní ọkàn òun wà níbòmíràn. Ibòmíràn náà kì í dúró lójú kan: lọ́dún kan, yíya fọ́tò ni, lọ́dún kejì, Kánádà, lẹ́yìn náà ó fẹ́ máa ra sóyà ní Elavagnon kó máa kó o lọ sí Lomé, ó tún fẹ́ dá ìjọ sílẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ó fẹ́ di ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè gbé ìgbésí ayé wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti tẹ káàdì.

Ìgbà wo ló máa wá lọ? Ẹnu rẹ̀ ò jẹ́ nǹkan mìíràn: "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí bìlán."

Ìdí nìyí tí a kì í fi pe orúkọ rẹ̀ mọ́ bí kò bá sí nítòsí. Mùsíyé Lẹ́yìn-Bìlán là ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ bìlán, ìwé ni, tí iléeṣẹ́ fi ń sọ ohun tó ní àti ohun tó jẹ lópin ọdún. Lẹ́nu tiwa, odi ni, tí ọkùnrin ń sá sẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti jókòó ka oṣù fún un rí. Òfin OHADA, tí orílẹ̀-èdè 17 jọ ń lò, ní ọdún ìṣirò ń parí ní 31 oṣù Kejìlá, kí ìwé sì ti délẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Ó yé mi: láti oṣù Kìíní títí dé òpin oṣù Kẹrin, bìlán ni. Ní oṣù Karùn-ún, ayẹ̀wé-owó-wò dé, ó ń wá rìsíìtì tí eku ti jẹ. Ta ló ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lójú ayẹ̀wé-owó-wò? Wọ́n á ní ó jalè. Oṣù Kẹfà ni àwọn tó ni owó ń ṣèpàdé, wọ́n sì lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kọkànlá rèé tí wọn ò tíì béèrè. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sinmi, òun nìkan ló kù tó ń di òpó mú. Oṣù Kẹsàn-án, owó ilé ìwé ọmọ. Oṣù Kẹwàá, bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Oṣù Kọkànlá, wọ́n ń múra láti ka ọjà tó wà nílẹ̀. Oṣù Kejìlá ńkọ́? Ẹ tún wò ó, èèyàn á wá fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí owó ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀? Kí a tó ṣẹ́jú, oṣù Kìíní ti dé, bìlán ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo wá ibi tí ọmọ ènìyàn lè gbà jáde nínú ọdún yẹn, n kò rí ihò abẹ́rẹ́. Àwọn tó ṣòfin náà ò mọ̀ pé ibi ìsápamọ́ ni àwọn ń kọ́ fún ojo.

Nígbà míì, ọdún pàápàá máa ń bá a gbèjà. Ní oṣù Kìíní 2018, SYSCOHADA tuntun bẹ̀rẹ̀, ìlànà ìṣirò yí padà. Ó ní òun ò lè já wọn sílẹ̀ lójú agbami. Ní 2020, kòrónà. Láti ìgbà náà, ó ti gba ọ̀rọ̀ kan mọ́ra, ipò ayé. "Ẹ̀yin náà ẹ wo ipò ayé." A wò ó. Ó wà níbi tó wà.

Ohun tó bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ oṣù yìí ni pé ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé ìgbà tí òun ń pe bìlán gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ sórí ilẹ̀ bàbá òun, pé kí oṣù Keje tó parí ẹni tó máa gbin òwú ti gbìn ín. Òjò ò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé adìẹ. Ọdún 2019 ni ó kọ́ ọ. Inú Excel ni ó kọ́ ọ sí. Ó fi kọ̀ǹpútà hàn wá lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì dára, mi ò ní parọ́: búlọ́ọ̀kù, páànù, àwo omi, oúnjẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára, owó ọmọdé tí yóò máa gbálẹ̀. Adìẹ ẹgbẹ̀rún kan. Ó ti pa márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn tì sínú ìlà kan, nítorí adìẹ máa ń kú. Bí ẹyẹ tí a ò tíì rà ṣe kú nìyẹn, a sì bá a káàánú. Ìyá rẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n máa kọ́ ilé náà sí, ó ní ká ṣe sùúrù, ó kù kí òun ṣírò amọ́tísímáǹ, ìyẹn bí ilé náà ṣe máa máa gbó lọ́dọọdún. Ọdún márùn-ún ló fún un. Lópin 2023, nígbà tí ọdún márùn-ún pé, mo ní kó ṣí ìwé náà ká wò ó. Ilé adìẹ ti gbó tán. Ó ti di òdo. A ò tíì da ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan sílẹ̀ ní Moretan, ilé ti wó.

Kò rí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Ó ní ohun tó yẹ báyìí ni kí òun tún un kọ́, iye owó páànù ti yí padà.

Ìgbésí ayé tó fẹ́ sá lọ bá, inú òpó méjì ìwé ìṣirò náà ló ń tò ó sí, ohun tó wọlé lápá kan, ohun tó jáde lápá kejì, ìsàlẹ̀ sì máa ń jẹ́ àdánù. Ìjọ tó fẹ́ dá sílẹ̀ pàápàá, mo rí ìwé rẹ̀. Ọrẹ ọjọ́ Àìkú wà níbẹ̀, ó sì fi ìdá kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní san.

Bó bá ní iṣẹ́ náà ń pa òun, mo máa ń rántí Akintola Williams, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí gíga oníṣirò owó. Ó gbà á ní 1949, ó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1952. Ìgbà tí iṣẹ́ náà máa pa á, 2023 ni. Ẹni ọdún 104 ni.

N kò sọ pé iṣẹ́ náà dùn o. Ká máa ka owó tí a ò ní jẹ lè ba èèyàn lọ́kàn jẹ́, mo gbà. Obìnrin kan wà ní ìlú yìí tó ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́fà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú òun ò dùn. Lọ́jọ́ kan a gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìlọta lẹ́bàá ọjà, nígbà tí a débẹ̀, òun ló funfun bí egúngún nínú ìyẹ̀fun. Kò tẹ káàdì.

Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ti Mùsíyé, àwọn ẹlòmíràn ló ń sanwó rẹ̀. Ọmọ kan wà lọ́fíìsì wọn, sítájíà tó ń kọ́ṣẹ́, ọmọ G2 bíi tirẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń tàn bí ó bá rí ìwé ìṣirò tó dọ́gba. Òun ló ń ṣe bìlán. Òfin Togo ti sọ owó oṣù tó kéré jù di 52.500 F láti oṣù Kìíní 2023. Ọmọ yìí ò rí ìdajì rẹ̀, owó mọ́tò ni wọ́n ń fún un. Ọdún kejì rẹ̀ lórí pákó nìyí, ó ń dúró kí àga ṣófo. Àga ò ní ṣófo. Ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ ń wo òde láti ojú fèrèsé, ó ń ronú nípa òmìnira. Bàbá àgbàlagbà kan láti abúlé wa tún lọ gba owó iṣẹ́ tó ṣe lọ́dọ̀ wọn, ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì, ọwọ́ tó máa fọwọ́ sí i ni kò ní agbára: ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Owó ọkọ̀ mẹ́ta, àlọ àti àbọ̀. Òpó wo ni ẹ máa kọ ìyẹn sí?

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé àkáǹtì kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní compte d'attente, ibi tí wọ́n ń kó owó sí bí wọn ò bá tíì mọ orúkọ tí wọ́n máa fún un. Ó ní ẹni tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí nǹkan pẹ́ níbẹ̀. Kí ọdún tó pa dé, ó gbọ́dọ̀ tú u ká. Ó sọ ọ́ tìgbéraga-tìgbéraga, pẹ̀lú èékánná ìka kékeré tó dá sí. Mo bu omi sí i fún un.

Sátidé tó kọjá, a bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Owó òwú obìnrin yìí ló sọ ọ́ di kọ́ńtábù. Ó ti fi ọparun àti àwọ̀n àtijọ́ ṣe ọgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, awó sì kún inú rẹ̀, wọ́n ń han gooro bí ilẹ̀kùn tí kò lépo. Mùsíyé dúró, ó wò ó títí.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ ṣe èyí?"

"Ìgbà tí ò ń ṣe bìlán."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Mo mọ̀ wọ́n lójú."

"Ẹ ò kọ ọ́ síbì kankan?"

Ìyá da ọkà bàbà sílẹ̀ láìdá a lóhùn. Mùsíyé yọ fóònù, ó ṣí ìwé tuntun, ó tẹ̀ba, ó ń fi ìka tọ́ka. Ó kà á dé mọ́kànlá. Ọ̀kan sá gba ìdí ọ̀kan kọjá, méjì fò, ó mí kanlẹ̀, ó padà sórí ení. Dírébà ti ń fun fèrè mọ́tò fún un lójú títì. Ó ní kí a sọ fún un kó dúró díẹ̀.