Eku Kọ́ Ló Kú

Bí onílé kan ní Ìsinkàn, l'Ákùúrẹ́, bá ti ìrìn-àjò dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó bá balùwẹ̀ tó ń rùn, eku ló kọ́kọ́ máa ń fura sí. Á gbé àga kúrò, á gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á so káńfọ̀ mọ́ ògiri. Òórùn á wá di méjì.

Eku ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Omi inú páìpù ló gbẹ.

Ní 1775, Alexander Cumming, aṣe-aago ọmọ Scotland tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi tí páìpù rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Omi tó dúró níbi tó tẹ̀ yẹn ló ń dènà afẹ́fẹ́ sọkàwéè. Ihò ilẹ̀ balùwẹ̀ náà sábà máa ń ní irú rẹ̀. Bu omi díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ parí.

Ti ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó kọ́ ilé sínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń gbafẹ́ kiri, tún le díẹ̀. Táǹkì ìgbẹ́ ń bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí rọ́bà ìdérí ihò ìgbọ̀nsẹ̀ bá gbẹ, tàbí páìpù atẹ́gùn dí, ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbọ́n jù á tan fáànù òrùlé. Bó bá wá ṣí ìdérí náà báyìí, fáànù á fa afẹ́fẹ́ táǹkì wọlé wẹ́rẹ́.

Ẹni tó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kẹ́yìn ni wọ́n á sì dá lẹ́bi.