Òótọ́ Méjì, Irọ́ Kan

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, ní Manchester níbí, ló ní kí a jókòó yíká bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Oníkálùkù yóò sọ òótọ́ méjì àti irọ́ kan nípa ara rẹ̀, àwọn yòókù yóò sì mọ èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. "Team building" lorúkọ tó pè é. Ó ní a kò mọ ara wa tó. Kò purọ́. Ọdún kẹta rèé tí èmi àti ọkùnrin tó jókòó sọ́wọ́ òsì mi ti ń fi ímeèlì bá ara wa sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ bí mo bá sín, òun ló máa ń ta sí lára.

Nígbà tó kàn mí, mo ní: "Ọ̀kan, orí òkè àpáta ni wọ́n bí bàbá bàbá mi sí, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ máa gùn kí ẹ tó débẹ̀. Èkejì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi kùmọ̀ fọ́ kòkó tí hóró inú rẹ̀ kò ní fọ́. Ẹ̀kẹta, mo fẹ́ràn òjò Manchester." Gbogbo wọn hó yèè: àtẹ̀gùn ni irọ́! Mo dárúkọ Òkè Ìdànrè, ọmọbìnrin kan tẹ fóònù rẹ̀ wò, ó rí àtẹ̀gùn náà, ó tún rí i pé láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí UNESCO kọ sílẹ̀ pé wọ́n ń dúró de ipò ohun àjogúnbá àgbáyé. Ẹnu wọn wọhò. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ fura sí òjò. Bí wọ́n ṣe mọ̀ mí tó nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín sùpàgẹ́tì. Ogún igi sùpàgẹ́tì tí a kò sè, òwú, téèpù, àti súìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní marshmallow. Kí a fi kọ́ ilé gogoro ní ìṣẹ́jú 18, kí súìtì náà jókòó sí ṣóńṣó orí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe eré yìí káàkiri ti rí i pé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi máa ń kọ́ ọ ga ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òwò ní yunifásítì lọ. Kò yà mí lẹ́nu: àwọn ọmọdé kò tíì mọ bí a ṣe ń jà sí ipò ọ̀gá. Ohun tó ká mi lára ni sùpàgẹ́tì tí wọ́n gbá dà sínú ike ìdọ̀tí nígbà tí a parí. Àfi bí ẹni pé mò ń gbọ́ ohùn ìyá àgbà mi lọ́run, níbi tí wọ́n ti ń béèrè pé ta ló bí wa.

Ní Aládé tiwa, lábẹ́ àpáta Ìdànrè, ọjọ́ tí a bá ń fọ́ kòkó la máa ń mọ ara wa. Wọ́n á ti ká kòkó jọ gègèrè sábẹ́ igi. A ó jókòó yí i ká, ẹlòmíràn lórí àpótí, ẹlòmíràn lórí gbòǹgbò. Kùmọ̀ á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èèpo á là, ọwọ́ á wọnú rẹ̀, á fa hóró funfun tó ń yọ̀ jáde sínú apẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọdé ń jí i lá. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀. (Ẹni tó bá fi àdá fọ́ ọ tó sì gé hóró, yóò gbọ́ ìtàn ìran rẹ̀ lọ́jọ́ náà.) Ìdí òkìtì yẹn la ti ń gbọ́ nípa ẹni tó lóyún, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti sá lọ sí Àkúrẹ́, ẹni tó jí adìẹ. Ẹnu ń lọ, ọwọ́ kò dúró. Oòrùn dé àtàrí, iyán dé. Lẹ́yìn iyán, a ó da hóró sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó tún fi ewé bò ó. Ó di ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà kí wọ́n tó ṣí i lọ sínú oòrùn. Òórùn rẹ̀ nígbà náà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ìfẹ́ ló kó wọn wá o. Àáró ni. Ẹ bá mi fọ́ tèmi lónìí, n óò bá yín fọ́ tiyín lọ́túnla. Bí ènìyàn bá bá ọ ṣe ọjọ́ méjì, ọjọ́ méjì lo jẹ ẹ́, owó kò wọ̀ ọ́. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀: ìyẹn, o pe ènìyàn, o gbọ́ oúnjẹ fún wọn, ibẹ̀ sì ni àwọn ajẹunjẹun ti ń yọjú. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé ìgbà tí òórùn ẹ̀gúsí bá jáde ló máa ń dé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí." Ẹsẹ̀ yẹn kò sì ní í dùn ún títí yóò fi dé ìdí iyán. Kò sí irú rẹ̀ nínú àáró, torí gbogbo ayé ló mọ iye ọjọ́ tí ẹnì kan jẹ ẹnìkejì. Gbèsè ló so wá pọ̀. Sùpàgẹ́tì kò jẹ́ kí n jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. A gbálẹ̀, ó parí.

Àwọn òyìnbó náà ti wádìí ohun tó ń mú ènìyàn ṣiṣẹ́. Láti 1924 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Western Electric ní Hawthorne, lẹ́bàá Chicago. Wọ́n fi kún iná, wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ sí i; wọ́n dín iná kù, wọ́n ní ó tún pọ̀ sí i. Ó di 1932 kí wọ́n tó ṣíwọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sì mú bọ̀ ni pé ènìyàn a máa ṣiṣẹ́ dáadáa tí wọ́n bá kà á sí. Ọdún mẹ́jọ! Nílé wa, o ò lè kọjá lára onídìrí kí o má kí i pé "Ojú gbooro o," kó sì dá ọ lóhùn pé "Òòyà á yà á." Aláró ní "Àrẹ̀dú o" tirẹ̀, àgbẹ̀ ní "Àroko bọ́dún dé o." Níbi iṣẹ́ wa, "Ṣé kò sí?" ni wọ́n ń sọ kọjá, wọn kì í dúró gbọ́ èsì.

Mi ò fi ilé yangàn o. Nígbà tí mo lọ lọ́dún tó kọjá, àwọn lébìrà tó wá láti Benue ló ń bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, fọ́ kòkó. Owó ni wọ́n ń gbà. Àwọn ọ̀dọ́ wà lórí ọ̀kadà, àwọn yòókù wà lórí fóònù. Mo wá ròyìn sùpàgẹ́tì fún Ìyá.

"Ẹ wá sè é jẹ?"

"Rárá, mà. Wọ́n dà á nù."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé wọ́n sanwó ọjọ́ yẹn fún yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Máa kọ́lé lọ nígbà náà."

Bí mo ṣe padà dé Manchester, mo dá èsúsú sílẹ̀ níbi iṣẹ́: ènìyàn mẹ́wàá, àádọ́ta pọ́n-ùn lóṣù. Àlàyé rẹ̀ kò gba àkókò rárá. Obìnrin Trinidad kan ní susu ni wọ́n ń pè é nílé àwọn. Ọ̀rọ̀ wa ló bá ọkọ̀ ẹrú rékọjá òkun yẹn, tó tún wá bá mi nídìí ẹ̀rọ tíì. Ará Jàmáíkà kan ní pardner ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ kó o. Láti ìgbà náà, bí mo bá wúkọ́ péré, ọkùnrin ọwọ́ òsì mi á ti gbé tíì gbígbóná dé. Oṣù kẹwàá ni tirẹ̀. Kò fẹ́ kí n kú sí gbèsè.

Mo pe Ìyá láti fi yangàn.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ìwọ náà, ìgbà wo lo máa wá san àáró mi? Gbogbo kòkó tí mo fọ́ títí o fi jáde ìwé ńkọ́?"

"Ìyá, mo fi owó ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, mà."

"Mo rí i, o ṣé. Ta ló béèrè owó lọ́wọ́ ẹ? Ọjọ́ mẹ́rin ni."

Òfin ìlú yìí fún wa ní ọjọ́ ìsinmi 28 lọ́dún. Mo yọ mẹ́jọ nínú rẹ̀ sí oṣù kẹwàá ọdún, mẹ́rin fún ọ̀nà, mẹ́rin fún kùmọ̀. Àyè kékeré kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní ká kọ ìdí rẹ̀ sí. Mo kọ "team building" síbẹ̀. Ọ̀gá wa buwọ́ lù ú láàárọ̀ ọjọ́ náà.