Bí Mo Ṣe Pa Pèrègún

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá mi ní Atakpamé, ní Tógò, ti rí. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ògiri aládùúgbò ló sì kọjú sí. Ìyẹn nìkan yẹ kó ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Àmọ́ mo ti ń rí yàrá àwọn èèyàn lórí fóònù, ewé gígùn ní kọ̀rọ̀ kan, àga funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wá gbà pé ewé nìkan ló kù tí tèmi náà fi máa dà bẹ́ẹ̀. N ò ní àga funfun o.

Mo tún ti gbọ́ pé ewéko ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́. Òótọ́ ni pé NASA ní Amẹ́ríkà gbé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde ní 1989. Ohun tí n ò gbọ́ ni pé inú àpótí tí wọ́n sé pa ni wọ́n ti dán àwọn ewéko náà wò. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan tún un ṣírò: kí ewéko tó lè ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde ń ṣe fúnra rẹ̀, ó kéré tán, á tó 10 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ibo ni n óò wá sùn sí?

Lomé ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà. N ò bi í bóyá òòrùn ló fẹ́ tàbí ìbòòji. N ò bi í nípa omi. Ìkòkò ni mo ń wò: ó funfun, ó ń dán, kò ní ihò kankan nísàlẹ̀, inú mi sì dùn sí ìyẹn, torí kò ní da omi sílẹ̀. Igi inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tí wọ́n gé lórí, tí ewé gígùn aláwọ̀ ewé yọ lókè, pẹ̀lú ìlà àwọ̀ ìyeyè láàárín. Mo béèrè ibi tó ti wá. Ọkùnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní Yúróòpù ni. Mo mọ̀ pé Yúróòpù yẹn wà nínú owó tí mo san.

Láti Lomé dé Atakpamé tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ewé mi ń wọ imú obìnrin tó jókòó tì mí nínú takisí. Ó sín, ó tún sín, ó ní kí n sọ fún igi mi kó sanwó àyè rẹ̀. Awakọ̀ gbọ́, ó sì gbowó náà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ìlú wa kì í sì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo gbé ìkòkò gun òkè, mo sọ̀, mo tún gùn.

Nílé, ìfẹ́ ni mo fi pa á. Mo bomi sí i láàárọ̀, mo bu sí i lálẹ́. Bí ewé kan bá pọ́n, mo ní òùngbẹ ni, mo tún bu sí i. Ọyẹ́ dé, ètè tèmi là, mo bá fi kún omi rẹ̀. Omi ò ríbi jáde, gbòǹgbò ń jẹrà, yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mo wá ra tùràrí láti fi lé òórùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àwọn ará ìjọ wá kí mi. Iná ti lọ, mo tan àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò funfun, èéfín tùràrí ń rú túú. Màmá tó ṣáájú wọn kò tilẹ̀ jókòó.

“Tíṣà, láti ìgbà wo lẹ ti ń bọ ọ́?”

Mo ní bọ kí ni. Wọ́n nawọ́ sí kọ̀rọ̀.

“Pèrègún ńkọ́?”

Pèrègún! Èyí tó wà lójúbọ Ògún nílé bàbá bàbá mi, èyí tí wọ́n fi ń pààlà ilẹ̀, tí mo ti ń fò kọjá láti kékeré. Wọ́n gé e lórí, wọ́n fi sí ìkòkò, ó ní ìlà lára, n ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló sì ti ṣẹ̀ kí àwọn ará Yúróòpù tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣọ́ ilé. Mo ń ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n gbàdúrà fún mi títí àbẹ́là fi jó tán.

Ariwo àdúrà ló gbé ìyá onílé dé. Ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé ni wọ́n, àwọn tó ń sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni baba ńlá àwọn ti ṣí wá. Ànàgó ni wọ́n máa ń pè mí. Wọ́n fi ìka tẹ ara igi náà, ìka wọlé.

“Ànàgó, o pa pèrègún?”

Igi tí ọmọdé ń ṣẹ́ gún mọ́lẹ̀, tó ń hù! Mo wá àwáwí. Mo ní ṣebí àwọn Jámánì náà kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá sí Kamina nítòsí wa níbí, tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ ní oṣù kẹjọ 1914.

“Ogun ló ń lé àwọn yẹn. Ta ló lé ìwọ?”

Wọ́n gé orí rẹ̀ tó ṣì tutù, wọ́n gún un sẹ́yìn balùwẹ̀, wọn ò wo ibẹ̀ mọ́. Ó ti ń rú ewé. Ìkòkò tí kò níhò náà wúlò níkẹyìn: àwọn ewúrẹ́ wọn ń mumi nínú rẹ̀.

Ọjá ìkòokò ló wà ní yàrá mi báyìí, nínú agolo mílíìkì tí ìyá onílé fi ìṣó lu ìdí rẹ̀. Èyí le, ó ń fara da ibi tí kò mọ́lẹ̀, ó sì lè pẹ́ láìmumi. Síbẹ̀ wọn ò fi í sílẹ̀ fún mi. Bí iyẹ̀pẹ̀ inú agolo bá ti gbẹ, àwọn ọmọ-ọmọ wọn á gbé ife omi wá, wọ́n á kan ilẹ̀kùn: “Tíṣà, ìyá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án.”