Bàbá Wà ní Ìgbẹ́jọ́, Ọmọ Ń Wá Lọ́yà

Àwọn àgbà ní ẹni tó ní bàbá ní ìgbẹ́jọ́ kì í jẹ̀bi. Onígbàgbọ́ wo ní Lágelú n’Ìbàdàn ni kò mọ òwe yìí? Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ó fi jó, a ó fi yọ̀: Bàbá wa ni Onídàájọ́, ta ni yóò dá wa lẹ́bi? Tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ wo ọmọ Onídàájọ́ nínú mọ́tò ní Ìyànà Ọ̀fà, ó gba Ìyànà Ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba Mọ́natàn, ó forí lé Ìwó Ròòdù. Níbo ló ń lọ? Ó ń wá ẹni tí yóò bá a bẹ bàbá rẹ̀.

Wòlíì tó ń lọ bá yìí, ojú kì í ṣàdédé rí i. Ẹ ó kọ́kọ́ gba nọ́ńbà. Òróró kékeré ní iye tirẹ̀, ńlá ní tirẹ̀. Ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, oní-POS jókòó sẹ́bàá géètì. Nígbà tó bá kàn án, yóò kúnlẹ̀: “Dádì, ẹ bá mi sọ fún Ọlọ́run.” Dádì á bi í léèrè orúkọ ìyá tó bí i lọ́mọ. (Babaláwo náà máa ń béèrè é, ṣùgbọ́n babaláwo kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé bàbá rẹ̀ ni onídàájọ́.)

Nínú tẹ́ḿpìlì àwọn Júù, olórí àlùfáà nìkan ló ń wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Mátíù ní ọjọ́ tí Jésù kú, aṣọ náà ya láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn tó mọ àṣà yẹn dunjú ni ìwé Hébérù wá sọ fún pé kí wọ́n fi ìgboyà súnmọ́ ìtẹ́ oore-ọ̀fẹ́. Àwa ti wá abẹ́rẹ́, a ti rán aṣọ náà padà, a sì gbé àga síwájú rẹ̀ fún ẹni tí yóò máa gbowó.

Àwọn kan kò wá lọ́yà o. Agogo méjì òru ni tiwọn, tàwọn ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí ojú fèrèsé aládùúgbò. “Ọ̀tá mi, kú! Kú! Kú!” Wọ́n ń pàṣẹ fún Onídàájọ́, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ìgboyà. Lójú tèmi, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹni tó dá lójú pé bàbá òun ń gbọ́, kí ló ń pariwo sí?

Ìbàdàn mọ ohun tó sàn jù báyìí lọ. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, ni ààrẹ àkọ́kọ́ ìjọ Christ Apostolic Church (CAC). Ní 1955 ó di Olúbàdàn, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí ó fi wàjà ní 1964. Ọba ni, gbogbo ìlú ló ń dọ̀bálẹ̀ fún un; síbẹ̀ òun náà ń fi orúnkún ara rẹ̀ kúnlẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ nígbà náà kì í lo oògùn, ìbáà ṣe ti òyìnbó, ìbáà ṣe àgbo. Àdúrà ni wọ́n gbójú lé. Mo lè bá wọn jiyàn lórí ibà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní ti ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, n kò rí wí.