Ihò Tí Ojú Mi Gbẹ́

Kí n tó fẹ̀sùn kan ojú mi, kò sí ohun tí mi ò tíì fẹ̀sùn kàn lórí pápá gọ́ọ̀fù. Mo ní pọ́tà mi, ọ̀pá tí mo fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, ti wọ́, mo ra òmíràn. Mo ní afẹ́fẹ́ ló ń ti bọ́ọ̀lù. Mo ní ẹni tó ń gé koríko ò mọṣẹ́. Mo tilẹ̀ ní kádì mi, ẹni tó ń bá mi gbé àpò ọ̀pá, ń mí sókè jù. Ojú nìkan ni mi ò fura sí, torí òun ni mo fi ń wo àwọn tó kù.

Ẹni tí kò gbá gọ́ọ̀fù rí lè rò pé gbígbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà ló le. Agbára nìyẹn. Orí gíríìnì, níbi tí a ti ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, ni ojú ti ń ti àgbà. Láti 1891 ni wọ́n ti fi fífẹ̀ ihò náà sí mìlímítà 108, bọ́ọ̀lù òde òní ò sì gbọdọ̀ kéré sí 42.67. Bọ́ọ̀lù méjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́nu ihò kí àyè ṣì ṣẹ́ kù. Èmi rí àyè yẹn dáadáa. Bọ́ọ̀lù mi ni kò rí i.

Nígbà tí ọjọ́ orí dé, dókítà ojú fún mi ní awò tí òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà fún ìwé kíkà. Ó ní ojú tí yóò bá mi kalẹ́ ni òun ń tún ṣe. Bíbélì mi mọ́lẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ ba lórí gíríìnì, ibi ìwé kíkà ni yóò fi wo bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù á tóbi, ilẹ̀ á gbéra sókè. Bí mo bá tún gbójú sókè wo ihò, ilẹ̀ á padà sáyè rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, koríko ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni mo fi pọ́tà ha. Bọ́ọ̀lù ò mira. Àwọn tí a jọ ń gbá a yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́ láìsí òtútù.

Mo bá gbọ́n: mo fi awò sílẹ̀ sínú mọ́tò.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni, n'Íbàdàn. Bọ́ọ̀lù mi jìnnà sí ihò. Mo ń nù ún lọ́wọ́ nígbà tí kádì fa ọ̀pá àsíá yọ. Bí mo ṣe gbójú sókè, ihò rèé níwájú mi, ó dúdú, ó rí roboto. Mo wọn ọ̀nà, mo ti bọ́ọ̀lù. Ó yí, ó yí, ó gba àárín gbùngbùn ibi tí mo rán an, ó sì kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń tọ́jú pápá a máa ṣí ihò nípò kí ẹsẹ̀ má baà tẹ koríko ojú kan pa. Wọ́n á wá fi ègé koríko dí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan tí wọ́n ti dí, tí koríko rẹ̀ gbẹ, ni mo gbá bọ́ọ̀lù sí. Ihò gidi wà lápá ọ̀tún.

Mo ti na ọwọ́ sókè fún ayọ̀ kí n tó gbọ́ ohùn kádì: “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ gbá a fún?”

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀: “Ó wọlé o. Ihò àná ló wọ̀.”

Kì í ṣe ojú tèmi nìkan ni ihò ń tàn jẹ. Ní 2008, olùwádìí Jessica Witt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá gọ́ọ̀fù tán wo oríṣiríṣi ihò yíyà, kí wọ́n mú èyí tó ṣe déédéé ihò orí pápá. Àwọn tó gbá a dáadáa lọ́jọ́ náà ló mú èyí tó tóbi. Ká ní wọ́n bi èmi ni, ǹ bá kọ́kọ́ bi wọ́n pé èwo nínú méjèèjì.

Mo wọ awò padà, mo wá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n ní ó yẹ kí ojú wà lókè bọ́ọ̀lù gan-an, tàbí kó fi díẹ̀ wọnú sápá ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà tó tọ́ á dà bí èyí tó wọ́. Mo tẹ̀ ba, mo gbé bọ́ọ̀lù kan sí egungun imú, mo jẹ́ kó já bọ́ láti mọ ibi tí ojú mi wà. Orí bàtà mi ló bọ́ sí.

Mo wá dojú kọ ihò tààrà, mo ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì ọ̀nà bọ́ọ̀lù, kí ojú méjèèjì lè wò ó bákan náà. Mo rò pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Àṣé Sam Snead, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbágọ́ọ̀fù, ti gbá a bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì ti fòfin dè é láti 1968. Ìyà gbígbá méjì ni wọ́n fi kún tèmi.

Kádì mi kì í fi ojú wá ibi tí ilẹ̀ dà sí. Ó máa ń dúró lágbedeméjì bọ́ọ̀lù àti ihò, ó ya ẹsẹ̀, ó dákẹ́. Ẹsẹ̀ tí ìwúwo bá pọ̀ sí, apá ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, díẹ̀ sì ń wọlé. Láti 2019, òfin ti gbà kí àsíá dúró sínú ihò nígbà tí a bá ń gbá a láti orí gíríìnì. Àwọn ọ̀jáfáfá ṣì ń jiyàn bóyá ó ń ranni lọ́wọ́ tàbí ó ń dínà. Kádì mi kò bá wọn jiyàn. Tèmi dé, ó di àsíá mú ṣinṣin sínú ihò gidi, ó sì fi ìka tọ́ka sí i.